Ọmọ Tí A Bá Ra Ìwé Fún, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ìyá Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn ìyá wa láti Ogun Waterside tí wọn kò rí ọkọ̀ ojú omi wá lọ́jọ́ náà, àti nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó àwìn ni wọ́n ń ṣírò lọ́kàn.)

    

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa ra ìwé, báàgì àti aṣọ síkọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní. Ẹ ó rántí ọjọ́ náà. A wọ ankárá kan náà, a to àwọn ọmọ síwájú, a ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ayàwòrán ń yà wá, a jẹ ìrẹsì, a túká. Inú wa dùn délé. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja ní abúlé kan létí ọ̀sà ní Waterside. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ló ń gbé kó lè rí girama lọ, torí pé láti abúlé wọn, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ó kọ́kọ́ wọ̀, á tún wá wọ ọ̀kadà, kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ girama tó sún mọ́ wọn jù.

Ọdún kejì lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ Tuesday kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọmọ kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà kọjá níwájú ìsọ̀ wa. A pè é. Ó ní ₦300, a ní ₦250. Ó ní kò gbà, a ní kó máa lọ, ó padà wá, ó gbà. Ó ti di ọjà fún wa, ó ti gba owó, kí ọ̀kan nínú wa tó wo ojú rẹ̀ dáadáa tó ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ la ra báàgì fún?” Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi ni, mà.” A ní aṣọ síkọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó ní ó wà, òun ti fún àbúrò òun. Báàgì náà ńkọ́? Ó ní òun náà wà, ìyá òun ló ń kó owó ẹja sí i.

Ojú tì wá. Kì í ṣe nítorí pé a dúnàádúrà, ọjà lọjà. Ohun tó tì wá lójú ni pé ó ti ń lọ sí ọdún kan tí ọmọ yìí ti kúrò ní síkọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa tó mọ̀. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri níbi tí a ti ń ṣe ìpàdé, tòun ti báàgì, tó ń rẹ́rìn-ín.

A rán èèyàn méjì sí ìyá rẹ̀. A ti rò pé owó síkọ́ọ̀lù ni yóò sọ. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan owó síkọ́ọ̀lù. Ó ní òjò bá ẹja lórí ààrò, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ owó gbọ́mú-lé-láńtà ló fi ra ẹja ọ̀hún. Ó wá ní kí ọmọ máa kiri ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó máa fi owó ránṣẹ́ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní, “Èmi náà fẹ́ kó lọ síkọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo jẹ lówó máa ń wá ká mi mọ́lé. Síkọ́ọ̀lù kì í wá ká èèyàn mọ́lé.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń ro ó, ohun tí a rò náà la wá sọ fún yín. Ọmọ tí a bá ra ìwé fún, tí ojú owó ìyá rẹ̀ bá wọmi, ìwé náà yóò bá a wọmi ni.

Kì í ṣòní lọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù ti ń ká àwọn èèyàn wa lára ní agbègbè yìí. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí ní 1949, ni Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ọmọ Àwà tó múlé gbè wá. Òun ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn nígbà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, òun ló sì gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní July 1952. Táí Ṣólàrìn náà ṣe ọ̀gá ní Molusi yìí kan náà kó tó lọ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní January 1956, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dáko tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀. Síkọ́ọ̀lù kan náà, ọ̀gá méjì, ẹ wo ibi tí iṣẹ́ wọn dé.

Ní 17 January 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ gbọ́ o: láàárín ọdún kan! Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ yẹn já bọ́ látọ̀run. Ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ ni ìjọba ní kí oníkálukú tó ń san owó orí san lé e nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àwọn èèyàn bínú gidi. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, Action Group tó gbé ètò náà kalẹ̀ ni wọ́n lù ní Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC ló borí. Ó sì dá wa lójú pé ọmọ àwọn tó dìbò ìbínú yẹn wà lára àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà síkọ́ọ̀lù ní January tó tẹ̀ lé e. Ohun rere kan kì í ṣe kí ẹnì kan má sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò san án ló máa ń kù.

Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ọ̀fẹ́ ìgbà yẹn dé. Owó ni girama. Ẹni tí kò ní, ó lọ Modern School ọlọ́dún mẹ́ta, tàbí kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tàbí kó gbé igbá tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹ̀yin ìyá wa àgbà tẹ́ ẹ jókòó síwájú yìí, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ìgbà tí Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ di gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ UPN ní October 1979 ni girama tó di ọ̀fẹ́. Àwọn kan nínú àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 31 December 1983, ọ̀fẹ́ náà kò bá wa pẹ́ mọ́. Ilé kan wà láàárín wa tí ẹ̀gbọ́n parí ìwé mẹ́wàá nínú rẹ̀, tí àbúrò dúró sí Form 2. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ̀gbọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì báyìí, àbúrò ṣì ń ta ata.

Lónìí ńkọ́? Òfin UBE tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti Primary 1 títí dé JS3. Ẹni tó bá gba owó síkọ́ọ̀lù lórí àwọn kíláàsì wọ̀nyí, òfin lè bu owó ìtanràn tó tó ₦10,000 fún un, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ o, torí kì í ṣe tíṣà nìkan ni òfin náà ń wá. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí nílé ẹjọ́. Bó bá tún ṣe é, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bó bá tún di ẹ̀ẹ̀kẹta, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. A mọ̀ pé owó yẹn kò tó nǹkan mọ́, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ibi tí a fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: nínú òfin náà, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀ náà ń jẹ́ òbí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa níbí. Àwọn kan nínú wa máa ń lọ ra ẹja ní Waterside, wọ́n á rí ọmọ tó mọ́ra, wọ́n á sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Gbé e fún mi, màá fi í sí síkọ́ọ̀lù.” Ìyá á dúpẹ́, á dì í lẹ́rù, á fi ẹja yíyan lé e. Ọmọ dé ìlú tán, ó di ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún gbálẹ̀, tó ń gbé omi, tó ń gbé igbá, tó ń dé kíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n ti pe rẹ́jísítà tán, títí tíṣà á fi lé e padà. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, a ó ní ọmọ náà kò mọ̀wé. Ṣé ọmọ tí kò sùn lè mọ̀wé? Ẹni tó bá ní ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ kò ní jókòó nínú ìgbìmọ̀ yìí títí ọmọ náà yóò fi máa dé kíláàsì kí wọ́n tó pe rẹ́jísítà.

Ní 2019, Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fagi lé ₦3,700 tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ra sálúbàtà? Ta ló ń san owó ọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè dé ibi tí síkọ́ọ̀lù wà, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ ojú omi? Ta ló ń ra ìwé kemísìrì ní SS1? Nígbà tí ọmọ bá sì la gbogbo èyí já, WAEC àti NECO á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ló jẹ́ pé owó ìdánwò ló dá wọn padà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ààbọ̀. Ìyẹn ló máa ń dùn wá jù. Ẹni tó gbin àgbàdo, tó ro ó, tó wá jẹ́ kó gbẹ nígbà tó kù díẹ̀ kó yọmọ.

Ẹ tún wo Àgọ́-Ìwòyè. Fásitì ìpínlẹ̀ wa wà níbẹ̀ láti 1982. Olóyè Ọ̀nàbánjọ ló dá a sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n sì fi pè é láti 2001. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń ti jìnnà wá síbẹ̀ wá gba oyè. A ń gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, a ń ta gàrí fún wọn, inú wa ń dùn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì àti ẹyin kiri lẹ́nu géètì, ọmọ ta ni? Tiwa náà ni. Ọmọ tó ń ta ẹyin fún akẹ́kọ̀ọ́ fásitì lójoojúmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò rí JS3 parí, ojú rẹ̀ ń rí nǹkan o. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, Pólì Abraham Adésànyà wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wa. Ọdún mẹ́fà girama tó wà láàárín ni afárá tó já.

Àwọn tó wà níbòmíràn ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, láti 1994, ìjọba ń fún àwọn ọmọbìnrin abúlé tó wà ní girama lówó díẹ̀díẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sì fi dè é: kí ọmọ wá sí kíláàsì dé ìwọ̀n kan, kó yege dé ìwọ̀n kan, kó má sì lọ sílé ọkọ kó tó parí. Ní Mẹ́síkò, láti 1997 títí di 2019, ìyá ọmọ gan-an ni wọ́n ń kó owó lé lọ́wọ́, bí ọmọ bá ṣáà ti ń lọ síkọ́ọ̀lù déédéé. Wọ́n fi kún un fún girama, wọ́n sì fi kún ti ọmọbìnrin ju ti ọkùnrin lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ìyá ẹlẹ́ja yẹn sọ fún wa lẹ́bàá ọ̀sà, àwọn ìjọba wọ̀nyí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: ọmọ tó ń kiri ń pawó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ igbá kalẹ̀, kó wá nǹkan dí àyè owó yẹn.

Àwa kì í ṣe ìjọba. Ohun tí àwa ní ni èésú àti àjọ, Ìjẹ̀bú sì ni wá, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó. Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹni tó bá lè ṣe é máa dá ₦200 lọ́sẹ̀. Lọ́dún, ó di ₦10,400. Bí àádọ́ta péré nínú wa bá ṣe é, ó di ₦520,000. A kò ní fi ra ìwé fún ogún ọmọ ká tún wá ya fọ́tò. Ọmọ mélòó kan la ó mú, iye tí apá wa ká, a ó sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn láti JS1 títí wọn yóò fi jókòó WAEC. Ọdún mẹ́fà gbáko. Bí a kò bá lè mú ju mẹ́rin lọ, mẹ́rin náà ni.

Ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bá mú yóò wọ èésú wa, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kó o, kó lè fi san gbèsè, kó fi ra ọjà. Yóò máa dá tirẹ̀ padà bí gbogbo wa. Àánú kọ́ nìyẹn, èésú ni. Owó WAEC ọmọ, ọ̀tọ̀ ni alájọ yóò máa gbà á láti SS1, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yá nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyálọ́jà. Owó tó bá jẹ́ ti síkọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ ni yóò lọ san án, yóò sì gba rìsíìtì. Níbi tí wọn kò bá ti fẹ́ kọ rìsíìtì, ẹ mọ irú owó tó jẹ́.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹnì kan nínú wa tí yóò máa ṣe ìyá ìwé fún un. Iṣẹ́ ìyá ìwé kò ju kó rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó sì dé síkọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kó ní kí tíṣà fi rẹ́jísítà han òun. Ẹni tí kò mọ̀wé kà náà lè ṣe é, ṣáà ka àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ, kó wo èyí tó pọ̀ jù. Ní Waterside, ẹ̀yin ẹlẹ́ja la ó gbé e lé lọ́wọ́, torí ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí odò kún tí ọkọ̀ kò lè gbéra.

A ti pinnu pé a kò ní pe ọmọ kankan jáde síwájú mọ́. Orúkọ wọn kò ní jáde nínú ìwé yìí. Ọmọ tí wọ́n ti pè ní aláìní lójú gbogbo ọjà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, ó lè tìtorí ẹ̀ sá kúrò ní síkọ́ọ̀lù. Bákan náà, a kò ní gba ìwé tí àwòrán olóṣèlú pọ̀ ju ìlà inú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọrẹ kó mú ìwé tí ọmọ lè fi kọ nǹkan wá.

Àwọn ìyá kan ti bi wá pé, ọmọ tiwa ńkọ́, ṣé a ti kó wọn délé tán? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì lè fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà nílé nítorí owó, kó má dá ₦200 yìí. Kó wá bá wa, kí orúkọ ọmọ tirẹ̀ wọ ìwé. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀: ta ni òjò kò lè bá ẹja rẹ̀ lórí ààrò láàárín wa? Ìyá kan tún ní ọmọbìnrin ni, ó máa lọ sílé ọkọ. A ní ẹ jẹ́ kó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání lọ, kò wúwo.

Ọmọ tó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa yẹn ni àkọ́kọ́ nínú ìwé wa. Ó ti padà sí JS2, ó dàgbà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì sọ fún ìyá ìwé rẹ̀ pé wọ́n ń pe òun ní “Màámi” ní kíláàsì. Ó ní kò dun òun. A mọ̀ pé ó dùn ún. Ìyá rẹ̀ ti kó èésú àkọ́kọ́, ó ti san gbèsè kúrò, ó sì ti ń dá tirẹ̀ padà láìyẹ̀. Ó rán báàgì náà padà sí ọmọ rẹ̀, òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọmọ tó yẹ ká mọ̀, kó fi orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Kó má sọ ọ́ láàárín ọjà. Àwọn ará Waterside lè fi lé ẹlẹ́ja tó bá ń bọ̀ lọ́wọ́. Akápò yóò máa gba ₦200 ní ìsọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò sì kọ ọ́ sí káàdì lójú ẹni tó mú un wá.